Iyọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dà

Bí ẹ bá dé Ìwó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ ń béèrè Fàtímọ̀, ìyá Mùrí, ẹnikẹ́ni kò ní júwe ilé fún yín. Wọn yóò ní kí ẹ gun ọ̀kadà, kí ẹ gba ọ̀nà Olúpọ̀nnà, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ níbi igi odán kan, kí ẹ wá fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ sí àkùrọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ó sì ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá gbé e lọ sí Mẹ́kà, ibi tí ilẹ̀ ti tutù tó láti gbin ẹ̀fọ́ ni yóò kọ́kọ́ máa wá kiri.

Ọkọ rẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà. Badrudeen ni orúkọ ọkùnrin yìí, Bàdírù ni gbogbo ará àdúgbò ń pè é, òun náà sì jogún ilẹ̀ náà lọ́wọ́ baba rẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ dúdú ni, ó kúnná, ó sì dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí etí odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ bá Odò Ọbà. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti gba gbogbo oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí koríko ẹ̀bá ọ̀nà bá ti ń dún pàpà bí ẹsẹ̀ bá kàn án, ibẹ̀ nìkan ló máa ń tutù yọ̀yọ̀. Tẹ̀tẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ṣọkọ ń bẹ níbẹ̀, ewédú àti gbúre, ata rodo náà sì ń pọ́n lábẹ́ ewé.

Bàdírù gùn, ó sì dákẹ́. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, ọkọ́ ló máa ń gbé kọ́ èjìká. Ìyàwó méjì ló ní. Fàtímọ̀ ni ìyáálé. Nígbà tí wọ́n ń mú ìkejì bọ̀ láti Ilé-Ogbó, Nusirat, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, Fàtímọ̀ ti di àmùrè sílẹ̀ de ìjà. Ó ti pinnu pé òun kò ní bá a sọ̀rọ̀ ju kí wọ́n kí ara wọn lọ. Ìpinnu náà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Bàdírù ní kí ìyàwó tuntun lọ ro ebè ewédú. Ọmọ tí iṣẹ́ ìyá rẹ̀ jẹ́ aró rírẹ, tí kò gbé ọkọ́ rí, ó fa gbogbo ewédú tu pátápátá, ó wá fi èpò sílẹ̀ lórí ebè, ó tò ó dáadáa, ó tún bomi rin ín. Nígbà tí Fàtímọ̀ dé ibẹ̀, tó rí i bó ṣe kúnlẹ̀ ti èpò tó ń ki omi sí i nídìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀rín pa á tó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Nusirat kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tó fẹ́ sunkún, àfi bí òun náà ṣe bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ìjà tí Fàtímọ̀ ti dì kalẹ̀ tú fúnra rẹ̀.

Bàdírù pín àkùrọ̀ fún wọn sí méjì. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan la àárín rẹ̀. Apá òkè jẹ́ ti Fàtímọ̀, apá ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ odò jẹ́ ti Nusirat, kànga sì wà láàárín fún àwọn méjèèjì. Kànga náà jìn ju ìdúró ọkùnrin lọ. Bí Bàdírù bá sọ̀ sínú rẹ̀ lọ́dọọdún láti kó ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, a kì í rí orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó na garawa sókè nìkan là ń rí. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan lẹ́nu. Ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀. Fàtímọ̀ bi ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé kí ló fà á.

"Ilẹ̀ ló bu iyọ̀ díẹ̀ sí i," ni Bàdírù wí. "Ṣé ìwọ náà kì í bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni? Díẹ̀ kò pa ata lára."

Àmọ́ ohun tí Fàtímọ̀ máa ń rántí jù nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni Ọ̀nà Omi. Kòtò gígùn kan ni, ó jìn dé ìbàdí ènìyàn. Baba Bàdírù ló gbẹ́ ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ebè Fàtímọ̀, ó gba ilẹ̀ Nusirat kọjá, ó sì já sínú odò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fa àpọ̀jù omi kúrò nínú ilẹ̀. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, tí ẹnu bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lọ kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà máa ń gbà. Bàdírù á wà nínú ẹrẹ̀ títí dé itan, á máa dà á sókè, àwọn ìyàwó á máa fi agbada kó o lọ sórí ebè. Lọ́sàn-án wọ́n á sun iṣu, wọ́n á fi epo jẹ ẹ́ lábẹ́ igi iyeyè tó wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni Bàdírù máa ń di aláwàdà. Á máa fi ẹrẹ̀ ju Nusirat, á sì ṣe bí ẹni pé òun kọ́.

Nusirat bi í lọ́dún kan pé, "Omi la kì í rí lẹ́ẹ̀rùn, kí ló wá dé tí à ń la ọ̀nà fún un kó máa lọ?"

Ọkùnrin náà nu ojú. "Àlejò ni omi. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn ìwọlé fún un, tí ẹ ò ṣí ti ìjáde, á di onílé. Ọjọ́ tó bá sì di onílé, ẹ̀yin lẹ máa kó jáde."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì rò pé àwàdà ni.

Bàdírù kú ní oṣù Ògún, nígbà tí òjò ń rọ̀ gidigidi. Àìsàn ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Bí wọ́n ṣe sin ín tán, àwọn ìyàwó méjèèjì wọ ilé opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn wí, wọ́n sì kà á pé. Nígbà tí wọ́n máa fi jáde, ọyẹ́ ti dé, ọjọ́ kíkó Ọ̀nà Omi sì ti kọjá. Fàtímọ̀ ní, "Kò burú, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ní ọdún tó ń bọ̀ náà, Mùrí, àkọ́bí Fàtímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, gbé ẹ̀rọ pọ́ǹpù kan wá fún ìyá rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ó máa fi apá àgbà fa garawa mọ́. Bí wọ́n bá ti fa okùn ẹ̀rọ náà, omi á máa tú jáde lẹ́nu rọ́bà bí ẹni pé kò ní tán láéláé. Ebè tí wọ́n ń fi àárọ̀ kùtù bomi rin tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Wọ́n ń da omi sí i láàárọ̀, wọ́n ń dà á nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ ń rin gbindin. Ẹ̀fọ́ dára lọ́dún yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ló tún máa rántí kòtò tó ń lé omi jáde? Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Fàtímọ̀ rò pé ilẹ̀ Nusirat ni kòtò náà gbà kọjá, nítorí náà Nusirat ló yẹ kó sọ ọ́. Nusirat náà rò pé ìyáálé kò tíì pe iṣẹ́, òun ìyàwó kò sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Koríko hù nínú Ọ̀nà Omi, bèbè rẹ̀ wó lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dí.

Ẹ̀ẹ̀rùn kẹta lẹ́yìn ikú Bàdírù ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Nusirat dé ebè rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ohun funfun lórí ilẹ̀. Ó rò pé ìrì ni. Oòrùn là, ìrì gbogbo gbẹ, funfun yẹn ò lọ. Ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, etí ewé tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jóná bí ẹni fi iná rà á, èyí tó gbìn tuntun kò hù. Apá òkè, ti Fàtímọ̀, tutù yọ̀yọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilé olórogún ṣe rí. Ẹnìkan sọ fún Nusirat pé iyọ̀ kì í dédé wà lórí ilẹ̀, àfi kí ọwọ́ kan dà á. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì fún ọjọ́ mẹ́ta. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, bí Fàtímọ̀ ṣe ń ṣe àlùwàlá lágbàlá, Nusirat wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Lórí kí ni?"

"Ilẹ̀ mi. Ẹ bá mi wo ilẹ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohun tó ń wí tó yé Fàtímọ̀. Nígbà tó yé e, inú bí i. Òun tó kọ́ ọmọ yìí ní gbogbo iṣẹ́ tó mọ̀! Òun tó gbẹ̀bí Kareemah ọmọ rẹ̀! Ó gbé ike àlùwàlá sílẹ̀.

"Nusirat, bí mo bá fẹ́ lé ọ kúrò nílé yìí, ẹnu mi ni màá fi lé ọ, mi ò ní fi iyọ̀ lé ọ. Kí lo tiẹ̀ tún ń dúró ṣe níbí? Ẹni tó mú ọ wá ti lọ."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo jù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti di ẹyin, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Nusirat dìde, ó gbọn eékún rẹ̀ nù. Ní ọjọ́ kejì, ó di ẹrù, ó mú Kareemah ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá dání, ó padà sí Ilé-Ogbó. Fàtímọ̀ dúró lẹ́yìn fèrèsé títí kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn fi yà, tí kò rí i mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré jáde. Ìgbéraga dì í mú.

Ọdún mẹ́fà kọjá lórí rẹ̀. Fàtímọ̀ ń nìkan lọ sóko, ó ń nìkan bọ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe lè pọ̀ tó níbi tí ẹyẹ ti ń ké láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà mìíràn, bí ata kan bá so tó pọ́n ju ìyókù lọ, á yí orí padà láti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ á ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó rántí pé kò sẹ́ni lápá ìsàlẹ̀. Á gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó máa ń rántí bí Nusirat ṣe ń sọ ìtàn àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ aláró, tó ń sín wọn jẹ lóhùn àti nírìn, tí Bàdírù á fi ẹ̀yìn dá wọn, tí èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n nítorí ẹ̀rín. Ó máa ń rántí òórùn iṣu sísun lábẹ́ igi iyeyè. Ní ilé, ó máa ń ṣèèṣì bu oúnjẹ sí àwo méjì. Apá ìsàlẹ̀ wá di aṣálẹ̀. Lójò, koríko líle kan ló ń hù níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, ó ń funfun báláú. Fàtímọ̀ kì í fẹ́ wò ó.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí àwẹ̀ Ramadan ọdún kan bẹ̀rẹ̀, Fàtímọ̀ débi ata tirẹ̀, ó rí funfun yẹn ní ìdí rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kò dára, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́ báyìí láìfi bò. Ó ní, "Áà, Nusirat! O wá gbẹ̀san." Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń gbé e ṣépè nínú ọkàn. Bàbá Dúró, àgbẹ̀ tó múlé tì í lóko, ní kó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ààlà bóyá òjìji rẹ̀ á gba ata sílẹ̀. Fàtímọ̀ gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò. Kò tíì gbẹ́ ẹ jìn ju ìgúnpá lọ tí omi fi ń sun wọ inú ihò. Ó rò pé rọ́bà pọ́ǹpù ló jò síbẹ̀. Ó lọ gbẹ́ òmíràn lọ́nà jíjìn. Bákan náà ni. Ó rìn lọ sídìí kànga, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Láti ọjọ́ tí pọ́ǹpù ti dé, rọ́bà ló ń sọ sínú rẹ̀, kò wo inú rẹ̀ mọ́. Omi tí Bàdírù ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá, tí a kì í rí orí rẹ̀, ó ti gòkè wá débi pé bí ènìyàn bá na ọwọ́, á kàn án.

Ó jókòó síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ríran tán.

Nínú àwẹ̀ náà ni Kareemah wá kí i. Ọmọ náà ti di ọmọge, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò lọ sílé, oko ló gbà wá tààrà, ó mú dàbínù àti ṣúgà dání fún ìṣínu. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ funfun yẹn.

"Ẹ kú àwẹ̀, Ìyá àgbà."

"Kareemah! Ìwọ rèé? Dìde, dìde, má jẹ́ kó kàn ọ́ láṣọ." Lẹ́yìn tí wọ́n ti kí ara wọn títí, Fàtímọ̀ ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Wo ilẹ̀. Ohun tó ṣe ilẹ̀ ìyá rẹ ló dé bá mi yìí. Kí lẹ̀ ń pè é nílé ìwé yín?"

Ọmọbìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó rìn yí ebè ká, ó wo kànga, ó wo ihò ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí omi kún inú rẹ̀. Ó wá béèrè ìró àtijọ́ kan tí Fàtímọ̀ fi ń so ẹrù. Ó rọ etí rẹ̀ sínú omi ihò, ìwọ̀nba bí ìka kan, ó fi igi gbé ìyókù dúró.

"Ẹ jẹ́ ká jókòó, ká máa wò ó."

Wọ́n jókòó. Etí ìró tutù, ó dúdú. Díẹ̀díẹ̀, dúdú náà ń gòkè. Ó gun bí ìka mẹ́rin, ó kọjá àtẹ́lẹwọ́.

"Ta ló ń fà á sókè, Ìyá àgbà?"

"Kò sẹ́ni tó ń fà á. Aṣọ ló ń mu ún."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ amọ̀ yìí ṣe ń mu omi láti ìsàlẹ̀. Tí omi bá jìn, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, kì í lè gùn dókè. Ṣùgbọ́n tó bá ti sún mọ́ òkè báyìí, á gun ilẹ̀ dé ibi tí oòrùn wà. Oòrùn á wá mu omi..."

"Á sì fi iyọ̀ sílẹ̀," ni Fàtímọ̀ bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ti ń wo gèlè tó ṣí kúrò lórí, gèlè oko tí òógùn ti gbẹ sí lára, tó ti fa ìlà funfun sí i yíká. "Bí òógùn ṣe ń ṣe aṣọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Gbogbo omi abẹ́ ilẹ̀ ló gbé iyọ̀ díẹ̀ dání. Ajílẹ̀ tí ẹ̀ ń dà sí i náà ní tirẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń gbé e wá sókè, lójoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ kalẹ̀. Òjò ì bá fọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n omi òjò ò ríbi gbà jáde. Ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dé torí ibẹ̀ ló sún mọ́ omi jù."

Fàtímọ̀ gbójú sókè, ó wo ọ̀nà igi iyeyè. Kò sí Ọ̀nà Omi níbẹ̀ mọ́, koríko ni. Ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló dúró sí. Àlejò ti di onílé.

"Kò sẹ́ni tó dà á," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò sẹ́ni kankan tó dà á."

"Màmá mi ṣì gbà pé ẹ̀yin ni," ni Kareemah sọ. Kò sọ ọ́ tìjà-tìjà.

"Èmi náà, títí di àárọ̀ yìí, mo gbà pé ìyá rẹ ni." Ó fi gèlè bo ojú, ó sunkún sínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Ìtúnu Àwẹ̀, Fàtímọ̀ bu ilẹ̀ funfun ìdí ata rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gun ọ̀kadà, ó di Ilé-Ogbó. Ó bá Nusirat ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti rù díẹ̀, ewú ti ń yọ létí gèlè rẹ̀. Nígbà tó rí ẹni tó wọlé, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i bó ṣe tọ́, ó sì gbé àpótí fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

Fàtímọ̀ tú ọ̀rá. "Tọ́ ọ wò."

Nusirat fi ìka kàn án, ó fi kan ahọ́n. Ojú rẹ̀ le. "Níbo lẹ ti bù ú?"

"Ìdí ata mi."

Ìyẹn gbé orí sókè. Fàtímọ̀ rò ó fún un, ó sọ ti ihò, ó sọ ti ìró, ó sọ ti Ọ̀nà Omi tí wọ́n fi ara wọn dúró dè títí ó fi dí. Ó sọ ti ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ṣépè fún un láìṣẹ̀ láìrò. Nusirat ń gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí ẹ̀gúsí.

Ó wá ní, "Kì í ṣe iyọ̀ ló lé mi kúrò nílé, Ìyáálé mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní ẹni tó mú mi wá ti lọ. Ṣé àwọn nìkan ló mú mi wá ni? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi ní ọkọ́ dídì mú ni?"

Fàtímọ̀ sọ̀ kúrò lórí àpótí, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Nusirat sáré dì í mú lápá méjèèjì. "Rárá o! Ìyáálé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó. Ẹ má fi èyí kún un fún mi."

"Nígbà náà, fún mi ní igbá, kí n bá ọ bó ẹ̀gúsí."

Wọ́n bó ẹ̀gúsí títí wọ́n fi pe àsárì. Nusirat kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ohun tó sọ bí Fàtímọ̀ ṣe ń gun ọ̀kadà padà ni pé, "Tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin ò lè rántí ibi tí kòtò yẹn ti yà. Ilẹ̀ mi ló gbà kọjá."

Ó wá lóòótọ́. Bàbá Dúró bá wọn wá alágbàṣe mẹ́ta, nítorí eékún àwọn méjèèjì kò gbé ẹrẹ̀ mọ́. Àríyànjiyàn wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fàtímọ̀ ní igi iyeyè wà lápá ọ̀tún kòtò, Nusirat ní apá òsì ni. Nusirat bọ́ bàtà rẹ̀, ó fẹsẹ̀ lásán rìn jáde láti ìdí igi náà, ó ń ka ìṣísẹ̀ lẹ́nu, ó dúró. "Ẹ gbẹ́ ibí." Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọkọ́ kan òkúta. Òkúta pẹlẹbẹ tí baba Bàdírù tò sí ìsàlẹ̀ ni, ó ṣì wà létòlétò bí eyín ọmọdé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, wọ́n já a sí odò. Omi kọ́kọ́ ń yọ́ jáde bí ẹni tó ń tijú, ó dúdú, ó ń rùn. Ó wá yára. Ó wá ń dún. Àwọn obìnrin méjèèjì dúró lórí bèbè, wọ́n ń wò ó. Nusirat ló kọ́kọ́ fọhùn: "Ì bá jẹ́ pé wọ́n wà níbí, wọn ì bá ti fi ẹrẹ̀ jù mí." Ẹ̀rín àti ẹkún bá wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilẹ̀ kò san lọ́jọ́ kan. Wọ́n dín pọ́ǹpù kù, ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì dípò àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ebè kí oòrùn má bàa rí ilẹ̀ ní ìhòhò. Omi kànga bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, òjò ọdún kejì sì rí ọ̀nà gbà wọ inú ilẹ̀ kó sì jáde, ó fọ iyọ̀ náà lọ díẹ̀. Apá òkè kọ́kọ́ dáhùn. Tẹ̀tẹ̀ hù níbẹ̀, kò pọ̀ bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n etí ewé rẹ̀ kò jóná mọ́. Apá ìsàlẹ̀ ṣì le. Kareemah sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn pé ó lè gba ọdún mẹ́ta sí i, ó sì lè má padà bọ̀ sípò tán láé. Fàtímọ̀ bínú sí i pé kò rọra sọ ọ́. Nusirat ní òótọ́ ló sọ.

Nusirat kò padà wá gbé Ìwó. Ó ní ẹ̀gúsí rẹ̀ ń tà ní Ilé-Ogbó, ìyá rẹ̀ sì ti dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ó máa ń wá fún oṣù méjì, inú yàrá rẹ̀ àtijọ́ ló ń sùn. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dán ebè mẹ́jọ wò lápá ìsàlẹ̀. Fàtímọ̀ fẹ́ kí wọ́n gbin ata. Nusirat ní gbúre, ilẹ̀ òun ni, òun ló mọ ohun tó lè gbà á. Wọ́n jà lé e lórí láti àárọ̀ títí di ìyálẹ̀ta, Bàbá Dúró sì ń gbọ́ wọn láti oko tirẹ̀. Gbúre ni wọ́n gbìn. Ebè mẹ́ta nínú mẹ́jọ ló hù.